Lẹ́tà sí àbúrò mi ní Kábà, lórí ọmọ tí wọ́n gbé wá fún un

Àbúrò mi,

Òkun o. Ṣé ara le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo ti fẹ́ pè ẹ́ padà lẹ́yìn tá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ Sunday yẹn, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ ti pọ̀ ju ti orí fóònù lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò wa náà sì lo mọ̀ yẹn, ni mo bá jókòó kọ ọ́. Mo bi ẹ́ bóyá mo lè gbé e síta kí àwọn obìnrin míì tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí lè kà á, o ní kò burú, kí n ṣáà má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mi ò ní dárúkọ.

O ní wọ́n kàn gbé ọmọkùnrin ọmọ ọdún 8 wọlé tọ̀ ẹ́ wá ni, pé ọkọ ẹ ló bí i síta, ìyá ẹ̀ ti kú, kò sì síbòmíì tó máa lọ. O ní ó máa ń jí ẹran nínú ìkòkò, téèyàn bá bá a sọ̀rọ̀ kì í dáhùn, ó ṣì ń tọ̀ sílé. O ń fún un lóúnjẹ, o ò lù ú, àmọ́ o ò lè fẹ́ràn ẹ̀, o sì ti ń gbààwẹ̀ pé kí Ọlọ́run fi ìfẹ́ ọmọ náà sí ẹ lọ́kàn. O wá pa á lówe fún mi pé ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Òwe yẹn wọ̀ mí lára gan-an, torí èmi lọmọ ẹlòmíì tí wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ nídìí, ìwọ tí ìlẹ̀kẹ̀ tọ́ sí sì wà níbẹ̀, o ṣì kéré, o ò lè rántí.

Ìgbà tí Bàbá mú mi wá sí Ìsánlú láti Lọ́kọ́ja, ìyá tó bí mi ti kú, mo ti gbé ọ̀dọ̀ oríṣiríṣi èèyàn, mo ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ebi dáadáa. Náílọ́ọ̀nù kan ni gbogbo ẹrù mi. Màmá ò mọ̀ pé mo wà láyé rárá títí di ọ̀sẹ̀ tí mo dé yẹn. Ìwọ lo wà lẹ́yìn wọn, wọ́n pọ̀n ẹ́, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo Bàbá, wọ́n wò mí, wọ́n ní "Ó ti jẹun?" Wọn ò kí mi káàbọ̀ o, wọn ò rẹ́rìn-ín, ojú wọn le koko. Àmọ́ wọ́n lọ gbóúnjẹ wá.

Mo máa ń jí iyán pa mọ́ nígbà yẹn. Tá a bá ń jẹun alẹ́ màá já díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá fi bébà wé e, màá lọ tì í sábẹ́ aṣọ mi nínú náílọ́ọ̀nù yẹn, torí mi ò gbà gbọ́ pé oúnjẹ máa wà lọ́la. Ìwọ náà mọ̀ pé iyán kì í pẹ́ bà jẹ́. Lọ́jọ́ kan òórùn ẹ̀ ló mú Màmá débẹ̀, mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kó o jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan ti hu, àwọn kan ti dúdú, èèrà ti bo aṣọ tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti fi ọwọ́ borí, mò ń retí ìgbátí. Màmá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n fọ aṣọ yẹn, wọ́n sá a. Nígbà tílẹ̀ ṣú, wọ́n mú abọ́ tánńganran kékeré kan tó ní ìdérí, wọ́n bu gààrí àti ẹ̀pà sínú ẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, wọ́n ní, "Tìẹ nìyí, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án." Láàárọ̀ abọ́ ti ṣófo, lálẹ́ wọ́n tún bu òmíì sí i, bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, wọn ò bi mí léèrè, wọn ò fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ fún ará àdúgbò. Ó pẹ́ kó tó di pé mo jí láàárọ̀ tí gààrí ṣì wà níbẹ̀. Síbẹ̀ wọn ò dáwọ́ dúró. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé abọ́ yẹn padà sí kíṣìnì nígbà tó yá, torí mi ò tún rántí ẹ̀ mọ́ tí n bá fẹ́ sùn.

Tí ẹnì kan bá bi mí bóyá ìfẹ́ lè yí èèyàn padà, abọ́ yẹn ni mo mọ̀. Kò sẹ́ni tó gbàdúrà lé mi lórí kí n má jalè mọ́, ẹ̀rù ebi ló kúrò lára mi, olè sì bá a lọ.

Ohun tí o ò mọ̀ rárá rèé o. Nígbà tí mo ṣe tán nílé ìwé nọ́ọ̀sì, èmi àti Màmá jọ ń ṣa kajú lóko, àwa méjèèjì nìkan, mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n fẹ́ràn mi láti ọjọ́ tí mo dé. Wọ́n já èso kajú tó wà lọ́wọ́ wọn kúrò lára ọmọ ẹ̀, wọ́n sọ ọmọ kajú sínú korobá, wọ́n wá sọ pé, "Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ràn ẹ nígbà tó o dé? Tí mo bá gbọ́ ohùn ẹ nínú yàrá, ara mi á máa gbóná. Mo kàn sọ fún Ọlọ́run ni pé mi ò ní febi pa ọmọ yìí kí n tún máa wá síwájú Rẹ wá kọrin. Ìgbà tí ìfẹ́ wá dé, mi ò mọ̀, mo kàn rí i lọ́jọ́ kan tí ara ẹ ò yá pé ẹ̀rù ń bà mí." Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣa kajú wọn lọ.

Àbúrò mi, ìwọ ń retí kí ìfẹ́ kọ́kọ́ dé kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀. Ìyá tó bí ẹ gan-an bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ìfẹ́ wá bá wọn lẹ́nu iṣẹ́. Kó o tó máa dá ara ẹ lẹ́bi nínú àdúrà pé o ò lọ́kàn ìyá, rántí ìyẹn.

Níbi iṣẹ́ mi náà, mo máa ń rí i. Àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé, tí wọn ò tó kílò méjì, a kì í kàn tì wọ́n sínú ínkúbétọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú ara ọmọ móoru, ká wá máa wò wọ́n. A máa ń bọ́ wọn síhòòhò, a á fi pampers nìkan àti fìlà sílẹ̀, a á gbé wọn lé àyà ìyá wọn, awọ ara kan awọ ara, a á faṣọ dì wọ́n mọ́ ọn tọ̀sán-tòru. Ìlú Bogotá ní Kòlóḿbíà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1978, ínkúbétọ̀ ò tó, ọmọ ń kú, dókítà kan tó ń jẹ́ Edgar Rey wá ní kí àwọn ìyá fi ara wọn ṣe é. Ara ọmọ á móoru, èémí ẹ̀ á balẹ̀, ọkàn ẹ̀ á máa lù létòlétò, á tètè mọ ọyàn mu. Àwọn kan ti rò pé nǹkan tálákà ni, àfi nígbà tí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò ńlá kan tí èsì ẹ̀ jáde ní 2021, wọ́n ṣe é ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tànsáníà àti Nàìjíríà wa níbí, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe tiwa. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n gbé sáyà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n bí wọn, 12 ló kú nínú 100 láàárín ọjọ́ 28. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ dìgbà tí ara wọn á balẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Ọ̀rọ̀ yẹn lágbára débi pé WHO, àjọ ìlera àgbáyé, yí ìlànà wọn padà ní 2022.

Ibi tí mò ń lọ gan-an rèé. Kò pọndandan kó jẹ́ ìyá tó bí i. Tí ìyá ò bá sí, tàbí tí ara ẹ̀ ò le, bàbá lè ṣe é, ìyá àgbà lè ṣe é, àǹtí lè ṣe é. Mo ti rí obìnrin kan tí àbúrò ẹ̀ kú sórí ìbí, wọ́n ní kó gbé ọmọ sáyà, ó ní òun ò fẹ́, pé ọmọ yìí ló pa àbúrò òun. A bẹ̀ ẹ́. Ó gbé e, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ yẹn ò mọ̀ pé wọ́n ń bínú sí òun, ó rí àyà tó móoru, ó sùn. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ obìnrin náà ti ń bú nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ láti lọ wọ̀n ọ́n, pé kí wọ́n rọra! Mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún.

O tún sọ nípa ìwé kìíní tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 13 tó sọ̀rọ̀ ìfẹ́, pé àtìgbà tí wọ́n ti kà á níbi ìgbéyàwó ẹ ni ò ti wá yé ẹ mọ́. Jọ̀ọ́, tún àwọn orí tó ṣáájú ẹ̀ kà. Kì í ṣe tọkọtìyàwó ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jà ni. Wọ́n ń pe ara wọn lẹ́jọ́, wọ́n pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, tí wọ́n bá pàdé láti jẹ Oúnjẹ Olúwa ẹlòmíì á ti jẹ tiẹ̀ tán, ebi á sì máa pa ẹnì kejì, àwọn yìí kan náà ń fèdè fọ̀, wọ́n ń sọ àsọtẹ́lẹ̀. Àwọn tí wọn ò fẹ́ràn ara wọn rárá ló ń sọ ọ́ fún. Sùúrù àti oore ló kọ́kọ́ kà sílẹ̀, èèyàn sì lè fọwọ́ ṣe méjèèjì kí ọkàn tó gbà. Nítorí náà gba ààwẹ̀ ẹ o, mi ò ní kó o má gbà á, àmọ́ lọ́jọ́ tó o bá ń gbààwẹ̀, ìwọ fúnra ẹ ni kó o bu oúnjẹ ọmọ yẹn, má rán ọmọ ọ̀dọ̀.

Ti ọkọ ẹ, ọ̀tọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ẹ pé tó o bá nífẹ̀ẹ́ wàá gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì, irọ́ ló ń pa fún ẹ. Ó tàn ẹ́ jẹ fún ọdún gbọọrọ, kó dáhùn fún un, kó tọrọ àforíjì níwájú àwọn tó yẹ. O lè máa bínú sí i lówùúrọ̀ kó o sì wẹ̀ fún ọmọ ẹ̀ lówùúrọ̀ kan náà. Màmá ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọn ò bá Bàbá sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, mo rántí, èmi ni wọ́n máa ń rán sí wọn.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti àwọn ìyá àdúrà tó ń wá bá ẹ tí wọ́n ń sọ pé ọmọ yẹn ní nǹkan lára, pé ojú ẹ̀ ò mọ́, pé kó o gbé e lọ ṣe ìtúsílẹ̀. Jọ̀ọ́ jọ̀ọ́ jọ̀ọ́. Ọmọ tó ń tọ̀ sílé lẹ́yìn tí ìyá ẹ̀ kú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ ata sójú ọmọ, má jẹ́ kí wọ́n febi pa á lórúkọ Jésù. Nílẹ̀ Yàgbà wa yìí kan náà làwọn èèyàn ti gbà nígbà kan pé nǹkan burúkú ni ìbejì, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n yè, àwọn tó ń ṣe é sì rò pé ìlú làwọn ń dáàbò bò. Nígbà tí Titcombe, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ ajíhìnrere SIM tó ti Kánádà wá, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, ọ̀kan lára ohun tí òun, àtìyàwó ẹ̀ nígbà tó yá, dojú kọ nìyẹn. Lónìí, ka iye ìbejì tó wà nínú ìjọ yín ní Sunday. Kí ló wá burú lára wọn? Ọmọ ò yí padà, ojú tí wọ́n fi ń wò wọ́n ló yí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni tún bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ yẹn lórí ọmọ ọdún 8.

Nǹkan kan kù tí mo fẹ́ kó o mọ̀, kó má di pé ẹlòmíì ló sọ ọ́ fún ẹ. Lọ́dún tí mo dé, wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹni tó ń kọ ọ́ bi Màmá pé ta ni àkọ́bí wọn. Ìwọ ni. Gbogbo ìlú mọ̀ pé ìwọ ni. Màmá fọwọ́ tì mí lẹ́yìn síwájú díẹ̀, wọ́n ní èmi. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ wojú ara wọn. Ohun tó tọ́ sí ẹ ni wọ́n mú fún mi lọ́jọ́ yẹn láìbi ẹ́, o sì ti ń pè mí ní Àǹtí láti kékeré láìjanpata, o ti ṣe tìẹ nínú títọ́ mi kó o tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Torí náà má sọ fún mi mọ́ pé o ò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ọmọ tí wọn ò bí.

Ní ti olè ẹran, lọ wo abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ àti inú báàgì ẹ̀, tó o bá bá oúnjẹ níbẹ̀ má pariwo, ṣe bí Màmá ṣe ṣe. Ní ti ìtọ̀, jí i kó o tó sùn, má jẹ́ káwọn ọmọ tó kù fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lọ, gbé e lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò, nígbà míì àìsàn ló ń fà á. Bi í léèrè orúkọ tí ìyá ẹ̀ máa ń pè é, kó o máa fi pè é tó bá fẹ́.

Mò ń bọ̀ ní Kábà ní Saturday tó ń bọ̀ tí mo bá rí ẹni dúró fún mi níbi iṣẹ́. Mo ti ra aṣọ sílẹ̀ fáwọn ọmọ, tiẹ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe àlòkù o, irú kan náà ni gbogbo wọn. Bàtà ni mi ò lè rà láìmọ̀ ọ́n, bá mi wọn ẹsẹ̀ ẹ̀ kó o fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kó tó di Thursday.

Àǹtí ẹ