Lẹ́tà sí Mojísọ́lá: Ohun tí mò ń wá létí Ọ̀ṣun

Òkè-Fìà,
Òṣogbo.
14 Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Mojísọ́lá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ó yẹ kí òtútù ti máa yọjú lọ́hùn-ún báyìí. Òjò ṣì ń rọ̀ níbí, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí mi ò fi tíì padà sí Èkó.

Mo rí àwòrán egungun àbùùbùtán tí o yà ránṣẹ́ láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Bergen, ní Nọ́wè. Mo ti mọ ìtàn àbùùbùtán yẹn tipẹ́: bó ṣe wá gúnlẹ̀ ní etíkun Sotra ní Oṣù Kìn-ín-ní 2017, tí wọ́n tì í padà sí ojú omi, tó tún ń bọ̀ wá sí èbúté, títí wọ́n fi pa á kí ìrora rẹ̀ lè dópin. Nǹkan bí 30 ọ̀rá ni wọ́n bá nínú ikùn rẹ̀, oúnjẹ tó wà níbẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n láti rí egungun rẹ̀, kí ọmọ rẹ kékeré dúró níwájú rẹ̀ kó dà bí èèrà, ìyẹn yàtọ̀. Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní parọ́ fún ọ.

Ìbéèrè tí o kọ sábẹ́ àwòrán náà ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà gidi, dípò kí n kàn gba ohùn sílẹ̀ fún ọ. O ní, ìwọ tí o kàwé òkun, kí lo wá ń wá ní Òṣogbo láti oṣù méjì? Màmá mi náà ti béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé àwọ̀n wọlé. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé Èkó ni wọ́n ti gbé òkun kúrò ni?"

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun fún ọ. Òjò ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo wà lábẹ́ ìbòòji ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ọjà Ọba, mo sì ń wo gọ́tà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ gọ́tà náà kún, ọ̀gbàrá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù: ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di èlùbọ́, ìgò ike, páàkì oúnjẹ funfun, sílípáàsì ẹsẹ̀ kan. Obìnrin kan gbé àpò ìdọ̀tí jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó tú u sínú ọ̀gbàrá náà, ó sì wọlé padà. Mi ò bá a wí. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo sì mọ̀ pé ọkọ̀ akólẹ̀ kì í dé àdúgbò wọn, pé bí òun bá sun ún, èéfín rẹ̀ á máa fa ikọ́ fún ọmọ òun. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ní ni òjò.

Gọ́tà yẹn ń ṣàn lọ sínú odò kékeré kan, odò kékeré náà ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun. O mọ ibi tí Ọ̀ṣun ń lọ. Láti Ìgèdè-Èkìtì ló ti ń bọ̀, ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí Ẹdẹ, ó dúró díẹ̀ ní ìsédò Asejire tí àwọn ará Ìbàdàn ń pọn omi rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó bọ́ sínú ọ̀sà Lẹ́kí, lẹ́yìn náà ọ̀sà Èkó, kó tó di òkun. Bí Òkè-Fìà ṣe ń dé òkun nìyẹn, Mojí, ní gbogbo ìgbà tí òjò bá ti rọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń ṣa ike létíkun, tí mo sì ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, kó tó wá sí mi lọ́kàn pé kí n gòkè wá wo ibi tó ti ń wá.

Àwọ̀n tí a ń lò dà bí ìbọ̀sẹ̀ gígùn: ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ ṣóṣóró, ìgò kékeré kan sì wà nídìí rẹ̀. Ojú àwọ̀n náà kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. A máa ń so ó mọ́ afárá, omi á máa gba inú rẹ̀ kọjá, ohun tó bá kù nínú ìgò la ó gbé lọ sí yàrá ìwádìí. Níbẹ̀, a ó fi kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní hydrogen peroxide jẹ ewé àti kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ dànù, a ó pò ó mọ́ omi iyọ̀ tó ki dáadáa kí iyanrìn lè rì, kí ike sì léfòó. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan maikirosíkóòpù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wo omi Ọ̀ṣun báyìí, fọ́nrán aṣọ ni mo rí: búlúù, pupa, dúdú, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí irun ojú. Aṣọ pọliẹ́sítà tí a ń fọ̀ ló ń já jáde bẹ́ẹ̀. Richard Thompson, onímọ̀ nípa òkun, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Plymouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fún irú ike kíkéré yìí ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é báyìí, microplastics, ní 2004. Nígbà yẹn èmi àtìwọ ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù, a sì ń fọ̀ ọ́ nídìí odò yìí kan náà.

Ṣé o rántí ìtàn Ọba Lárọ́òyè tí tíṣà wa sọ fún wa? Pé ó na ọwọ́ méjèèjì, ẹja sì fò láti inú Ọ̀ṣun bọ́ sí i lọ́wọ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń pe ọba wa ní Atẹ́wọ́gbẹja, tó di Àtáọ́jà. Mo dúró nítòsí ojúbọ nínú igbó Ọ̀ṣun lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń rò ó. Igbó náà ṣì tutù, àwọn ọ̀bọ ṣì wà, àwọn ère tí Susanne Wenger, tí a ń pè ní Àdùnní Olóòrìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà wa mọ ṣì dúró. Láti 2005 ni UNESCO ti kọ igbó yẹn mọ́ ogún àgbáyé. Ṣùgbọ́n omi tó gba àárín rẹ̀ kọjá ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Kì í ṣe òjò nìkan ló fà á. Wọ́n ń wa wúrà lókè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ń fọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sínú odò. Àwọn olùfọkànsìn ṣì ń bu omi náà nígbà ọdún Ọ̀ṣun, wọ́n ṣì ń fi kèrègbè gbé e lọ sílé fún ọmọ. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù ju àwọ̀ omi lọ ni mẹ́kúrì, irin olómi kan tó jẹ́ májèlé. Ẹni tó ń wa wúrà wẹ́wẹ́ máa ń pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ kó lè gbá wúrà jọ, á wá yan án lórí iná kí mẹ́kúrì fò lọ, kí wúrà ṣẹ́ kù. Èyí tó fò lọ yẹn á bá òjò sọ̀ kalẹ̀. Á rì sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà níbẹ̀ á sọ ọ́ di irú èyí tó ń wọ ara. Kòkòrò omi jẹ ẹ́, ẹja kékeré jẹ kòkòrò, àrọ̀ jẹ ẹja kékeré, ènìyàn jẹ àrọ̀. Bó ṣe ń gòkè ló ń pọ̀ sí i. Ní Minamata, ní ilẹ̀ Jàpáánù, ilé iṣẹ́ kan ló dà á sómi, nígbà tó sì fi máa di 1956, ọwọ́ àwọn ọmọ apẹja ti ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń bu ẹrẹ̀, tí mi ò bu omi nìkan. Ìgò ẹrẹ̀ ti kún abẹ́ ibùsùn mi. Màmá kò jẹ́ kí n kó o sínú fíríìjì wọn.

O béèrè bóyá ọ̀rá tiwa lè rìn dé Nọ́wè. Èyí tó pọ̀ jù nínú ike tó ń léfòó kì í jìnnà sí etíkun tó ti wọ omi. Ìgbì á gbé e lọ, ìgbì á dá a padà. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ni tiwa ń bá. Apẹja kan sọ fún mi lọ́dún tó kọjá, lẹ́bàá ọjà Olúwo, pé àárọ̀ míì wà tí òun ń fa àwọ̀n tó wúwo, tí inú òun á dùn, àfi kó jẹ́ ọ̀rá ló kún un. Bí mo bá ń rìn ní Òṣogbo, ọkùnrin yẹn ni mò ń rò.

Lóòótọ́, ike nìkan kọ́ ló ń bá etíkun wa jà. Láàárín 1908 sí 1912 ni wọ́n kó òkúta sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó kí ọkọ̀ ojú omi lè wọlé. Iyanrìn tí òkun ń gbé láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn há sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí òkun ṣe jẹ etíkun Bar Beach tán nìyẹn. Ògiri òkúta máa ń gba ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ là, á sì fi òkun lé aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò fara mọ́ ọn rí. Ní Ayétòrò, létíkun ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìlú àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ilé, ó ti gbé ibojì. Àwọn igi inú irà tó lè dáàbò bo irú ibẹ̀, tí ẹja ń fara pamọ́ sí lábẹ́ gbòǹgbò wọn, la tún ń gé dáná.

Ìjọba Èkó fòfin de páàkì oúnjẹ funfun ní Oṣù Kìn-ín-ní 2024. Ó dára, mo gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n òfin Èkó kò dé ọ̀dọ̀ obìnrin ẹ̀yìn Ọjà Ọba yẹn, odò ni wọ́n sì jọ ń pín. Àwọn orílẹ̀-èdè sì tún pàdé ní Geneva lóṣù tó kọjá lórí àdéhùn ike, wọ́n tú ká láìfẹnu kò. Mo gbọ́ ọ nínú rédíò, mo pa á.

Nítorí náà, ohun tí ọwọ́ mi tó ni mò ń ṣe. Èmi àti àwọn ọmọkùnrin kan ládùúgbò ti fi ọparun àti àwọ̀n dí ẹnu odò kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, níbi tó ti fẹ́ wọ Ọ̀ṣun. Lẹ́yìn òjò, a máa ń kó ohun tó há síbẹ̀. Àwọn tó ń ra ike ní kílò ń gba ìgò. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ni kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á bó bá ti dẹrẹ̀. Obìnrin yẹn wá wò wá lánàá. Kò sọ nǹkan kan. Ó ṣáà gbé omi wá fún wa, nínú ife, kò gbé ti ọ̀rá wá.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo máa lọ bá àwọn ọmọ SS2 ní ilé-ìwé wa àtijọ́ sọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, padà lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn, kí o sì ya àwòrán míì fún mi, kí ọmọ rẹ dúró níbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀. Bí àwọn ọ̀rá náà bá wà níbẹ̀, ya ìyẹn náà súnmọ́ dáadáa. Mo fẹ́ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a kó lẹ́nu odò.

Mo dé ọ̀dọ̀ màmá rẹ lọ́jọ́ Àìkú. Ara wọn le, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Títù ni wọ́n fi se ọbẹ̀ fún mi, mo sì sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkun ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ti pa á. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wo àwo ọbẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kí o pè wọ́n.

Èmi ni tìrẹ,
Àyọ̀ká.