Ẹ̀sùn lórí ìjókòó iwájú tí ẹ tú, tí ẹ kò sì tún òṣùwọ̀n rẹ̀ tò

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Àtúnṣe Ọkọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá.

Ọkọ̀ tí a gbé wá kí ẹ lè pààrọ̀ fóòmù ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ẹ pààrọ̀ fóòmù, ó sì rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, iná PASSENGER AIRBAG OFF (airbag ni àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú jáde láti gba èèyàn bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan) kì í kú mọ́, kódà bí àgbàlagbà oníkìlógíráàmù 70 bá jókòó síbẹ̀ tó sì de bẹ́líìtì. A pè yín lórí fóònù, ẹni tó dá wa lóhùn ní kí á má ṣèyọnu, pé torí ọmọdé ni wọ́n ṣe fi iná yẹn síbẹ̀. Èsì yẹn ló dùn wá ju iṣẹ́ náà lọ.

Òṣùwọ̀n ni ìjókòó yẹn. Nínú ọkọ̀ yìí, sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹyọ kan ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á jọ wọn ẹni tó jókòó, kọ̀ǹpútà á sì pinnu bóyá kí airbag iwájú yọ tàbí kó má yọ. Bí iná OFF bá tàn nígbà tí ọmọ kékeré wà níbẹ̀, ó tọ̀nà. Bó bá tàn lórí àgbàlagbà, ohun tó ń wí ni pé bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, airbag ẹni náà kò ní yọ; bẹ́líìtì nìkan ló kù tó máa dá a dúró.

A fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò kà á. Láìsí ẹnikẹ́ni lórí ìjókòó, ó ń ka kìlógíráàmù 8 sí ìsàlẹ̀ òdo. A gbé irin kìlógíráàmù 30 lé e, 8 ló kà, bẹ́ẹ̀ ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà ní kò gbọdọ̀ dín ní 27, kò sì gbọdọ̀ ju 33. Àgbàlagbà oníkìlógíráàmù 70 di 29. Ta ni kò ní pe onítọ̀hún lọ́mọdé?

Nígbà tí a tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ìjókòó, a rí ìdí rẹ̀. Ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, wáyà há sáàárín férémù àti ilẹ̀ ọkọ̀. Ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, rọ́bà ara rẹ̀ ti là, bàbà inú rẹ̀ sì ń dán. Wáyà yẹn ń bá sẹ́ńsọ̀ gbé ẹrù tó yẹ kí sẹ́ńsọ̀ dá gbé. Bóòtù ẹsẹ̀ kan náà kò tíì mú rárá. Ọwọ́ lásán la fi yí i.

Irú àṣìṣe yìí tún lè lọ sí apá kejì. Bí ẹ bá tún òdo òṣùwọ̀n tò, ìyẹn kí ó lè ka òdo bí ìjókòó bá ṣófo, nígbà tí nǹkan kan ń ti ìjókòó sókè láti ìsàlẹ̀, ọmọdé lè di àgbàlagbà lójú kọ̀ǹpútà. Airbag sì ń kún láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ọmọ ọwọ́ tó wà nínú ìjókòó tó kọjú sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù gan-an ni orí rẹ̀ wà. Ẹ̀yìn lọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 ń jókòó, a mọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ iṣẹ́ yín di èyí tó pé.

Kí ẹ yọ orí negative bátìrì, kí ẹ dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 90 kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú wáyà aláwọ̀ ìyeyè, torí kọ̀ǹpútà airbag máa ń fi iná pamọ́ sára. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mítà wọn airbag fúnra rẹ̀. Iná kékeré inú mítà lè mú kó bú jáde. Ẹ pààrọ̀ wáyà tó là, ẹ má fi téèpù wé e. Ẹ fi sípánà tó ń díwọ̀n agbára di bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé ìwọ̀n tó wà nínú ìwé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tún òdo tò: ọkọ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ìjókòó lófìfo, kí ohunkóhun má sí lábẹ́ rẹ̀ tàbí nínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ẹ tún fi irin 30 dán an wò, kí ẹ sì tẹ èsì rẹ̀ jáde fún wa.

A ń retí èyí láàárín ọjọ́ méje, láìsan kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún pe àwọn tí mẹkáníìkì kan náà bá tú ìjókòó padà.

Ní ti aṣọ ìjókòó tí ẹ fi ta wá lọ́rẹ, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ó bo ẹ̀gbẹ́ ìjókòó tí airbag ẹ̀gbẹ́ ti ń fa ojú rírán ya jáde, kò sì ní àyè kankan fún un. A ti bọ́ ọ. Inú búùtù ló wà. Ẹ mú un nígbà tí ọkọ̀ bá dé.

Àwa oníbàárà yín.