Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi: ẹ wá ẹni tí yóò máa bá yín jiyàn

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrọ́jú Bàbá Tádé, ẹni tí ẹ jọ máa ń jiyàn. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti papò dà, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan tí ẹ sọ lórí fóònù lọ́jọ́sí kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, gbogbo èèyàn ló ń gbà fún yín. Nípàdé ẹbí, nípàdé ìjọ, nípàdé àwọn onílé àdúgbò, bí ẹ bá ti lanu, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ló ń tẹ̀lé e. Ohùn yín kò jọ ti ẹni tó ń yọ̀. Ẹ tún ní ìwé kíkà gan-an ò dùn mọ́, àti pé kí ni ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ tún ń wá lọ sídìí ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì.

Ìdáhùn mi nìyí. Mo kọ ọ́ síta kí àwọn mìíràn náà lè rí i kà, torí àgbà tí kò rí ẹni bá a jiyàn mọ́ pọ̀ láàrin wa. Wọn kì í kàn sọ ni.

Ẹ mọ̀ pé mò ń lọ sí kíláàsì alẹ́ kan ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù níbí, níbi tí àwọn àgbà Júù ti ń ka ìwé àwọn baba ńlá wọn, tí wọ́n sì gba ẹni tí kì í ṣe Júù láyè láti bá wọn jókòó. Ẹ ti bi mí rí pé kí ni ọmọ ìjọ Áńgílíkà ń wá níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí n yí ẹ̀sìn padà; àwọn Júù kì í wá ọmọ ìjọ kiri. Ohun tí mò ń wá ni bí àgbàlagbà ṣe lè kẹ́kọ̀ọ́ kí ìwà rẹ̀ sì yàtọ̀, mo sì rí i pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Bí a bá dé ibẹ̀, olùkọ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Yóò pín ìwé, a ó sì jókòó ní méjì-méjì. Ẹnì kan á kà á sókè, ẹnì kejì á sọ ohun tí òun gbọ́ níbẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ á ní rárá, kò rí bẹ́ẹ̀. Chavruta ni wọ́n ń pe irú ìkàwé oníméjì yìí, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì ń pe ẹni tí ẹ jọ ń kà á. Màmá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ni tèmi. Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ni mò ń gbà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé ìka lé ìlà tí a ń kà, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Níbo lo ti rí ohun tí mo wí yẹn níbí? Wá a." Mo wá a títí, n kò rí i. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé kò sí níbẹ̀, inú wọn dùn débi pé wọ́n fọwọ́ lu tábìlì.

Ẹ mọ Òwe 27:17 lórí: "Irin a máa pọ́n irin." Talmud, ìwé ńlá tí wọ́n kó ẹ̀kọ́ àti àríyànjiyàn àwọn rábì àtijọ́ jọ sí, ní àwọn ọ̀mọ̀wé méjì tó jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ni ẹsẹ yẹn ń bá wí. Ojú ìwé kan náà sọ pé bí iná kì í ti í dá ràn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Tọ́rà, ìyẹn òfin Mósè àti ẹ̀kọ́ rẹ̀, kì í dúró lọ́wọ́ ẹni tó bá ń dá nìkan kà á. Ibẹ̀ náà ni rábì kan ti sọ pé òun kọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ òun, òun kọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ òun, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ló kọ́ òun jù. Ó yẹ kí ìyẹn dùn mọ́ olùkọ́ nínú.

Ní ti pé ọjọ́ orí ti lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Rábì Akiva fún yín. Ọ̀kan nínú àwọn tó ga jù lọ nínú gbogbo olùkọ́ Júù ni. Nǹkan bí ọdún 135 ni àwọn ará Róòmù pa á. Ìtàn wọn sọ pé ó pé ọmọ ogójì ọdún kó tó mọ lẹ́tà kan. Ó dé etí kànga, ó rí òkúta tí ohun kan ti gbẹ́ ihò sí, ó béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ. Wọ́n ní omi tó ń kán sí i lójoojúmọ́ ni. Ó ní bí ohun tó rọ̀ bá lè gbẹ́ ohun tó le, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Tọ́rà yóò rí ọ̀nà wọ ọkàn òun. Ohun tó ṣe tẹ̀lé e ló mú mi gan-an. Ó mú ọmọ rẹ̀ kékeré dání, àwọn méjèèjì jọ lọ jókòó lọ́dọ̀ olùkọ́ ọmọdé. Akiva di etí síléètì kan mú, ọmọ rẹ̀ di etí kejì mú, olùkọ́ sì kọ lẹ́tà sí i fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ kíláàsì kìíní rí mọ bí àga ibẹ̀ ṣe kéré tó.

Ṣùgbọ́n torí Bàbá Tádé ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ìtàn tó sì wà lọ́kàn mi jù ni ti Rábì Yochanan àti Resh Lakish. Ó wà nínú Talmud, nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Bava Metzia. Ọ̀rúndún kẹta ni, ní Tìbéríà lẹ́bàá òkun Gálílì. Yochanan ni olórí ilé ẹ̀kọ́. Ọlọ́ṣà ni Resh Lakish, ẹni tí wọ́n tún ń pè ní ọmọ Lakish. Wọ́n pàdé nínú odò Jọ́dánì níbi tí Yochanan ti ń wẹ̀. Ó rí agbára ọkùnrin náà, ó ní Tọ́rà ló yẹ kí ó fi irú agbára yìí sìn, ó sì ṣèlérí arábìnrin rẹ̀ fún un bó bá lè yí padà. Lakish yí padà. Yochanan kọ́ ọ títí ó fi di ọ̀mọ̀wé ńlá, ó di àna rẹ̀, ó sì di ẹni tí wọ́n jọ ń kàwé.

Lọ́jọ́ kan wọ́n ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ òfin kan nílé ẹ̀kọ́: idà, ọ̀bẹ, ọ̀kọ̀, dòjé, ìgbà wo gan-an ni a lè sọ pé alágbẹ̀dẹ ti ṣe wọ́n parí? Yochanan ní ìgbà tó bá ti rọ wọ́n nínú iná tán ni. Lakish ní rárá, ìgbà tó bá rì wọ́n bọ omi ni. Yochanan wá dá a lóhùn pé, "Ọlọ́ṣà ló mọ iṣẹ́ ọlọ́ṣà."

Gbólóhùn yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Lakish bi í pé oore wo lo wá ṣe mí? Lọ́hùn-ún láàrin àwọn ọlọ́ṣà, ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí. Níbí náà, ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí. Inú bí Yochanan, Lakish sì dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìyàwó rẹ̀ sunkún lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé torí àwọn ọmọ òun, kó ṣàánú. Yochanan ka ẹsẹ Jeremáyà fún un pé Ọlọ́run yóò tọ́jú ọmọ aláìníbaba. Arábìnrin rẹ̀ ní kó má jẹ́ kí òun di opó, Yochanan tún ka ìyókù ẹsẹ náà tó sọ nípa opó. Lakish kú.

Ìgbà náà ni ojú Yochanan là. Àwọn rábì rí i pé ìbànújẹ́ fẹ́ pa á, wọ́n wá ọ̀mọ̀wé tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé fún un, Elazar ọmọ Pedat. Ohunkóhun tí Yochanan bá sọ, Elazar á ní ẹ̀kọ́ kan wà tó gbè yín lẹ́yìn. Ó sú Yochanan. Ó ní, "Ṣé ìwọ ni ọmọ Lakish? Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọmọ Lakish á gbé àtakò 24 dìde, èmi náà á fún un ní ìdáhùn 24, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń gbòòrò. Ìwọ ń sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ kan gbè mí lẹ́yìn. Ṣé n kò mọ̀ pé ohun tó dára ni mò ń sọ ni?" Ó ń rìn kiri, ó ń fa aṣọ rẹ̀ ya, ó ń ké pé, "Níbo lo wà, ọmọ Lakish? Níbo lo wà, ọmọ Lakish?" títí orí rẹ̀ fi dàrú.

Bọ̀dá, "ẹ̀kọ́ kan wà tó gbè yín lẹ́yìn", ṣé "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" kọ́ nìyẹn?

Mo rántí ẹ̀yin àti Bàbá Tádé lórí fàráńdà, rédíò láàrin yín, ẹ ń fa ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi ni mò ń gbé omi wá. Mo rò pé ìjà ni nígbà náà, ẹ̀rù a sì máa bà mí. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ẹ máa ń lọ wá ìwé látàárọ̀ ọjọ́ kejì kí ẹ lè fi borí wọn.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn Yochanan tí n kò lè fò dá. Òfin kan wà nínú Bava Metzia kan náà, ṣáájú ìtàn yìí: bí ẹnì kan bá ti ronú pìwà dà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún un pé rántí ìwà rẹ àtijọ́. Yochanan mọ òfin yẹn dájú. Ìmọ̀ rẹ̀ kún, ẹnu rẹ̀ ni kò rí kó níjàánu. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ìwé kíkà nìkan tó, àwọn Júù fúnra wọn ò sì gbà bẹ́ẹ̀.

Rábì Israel Salanter, tí wọ́n bí ní Lithuania ní ọdún 1810, rí i pé àwọn èèyàn tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọ ẹnu wọn lójú méjèèjì kì í ṣọ́ ohun tó ń ti ẹnu wọn jáde. Láàrin ọdún 1840 sí 1850 ó dá ilé kan sílẹ̀ ní Vilna, kí àwọn oníṣòwò àti àwọn òṣìṣẹ́ lè yà síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ka ìwé nípa ìwà. Wọn kì í kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ o. Ìlà kan náà ni wọ́n ń kà sókè pẹ̀lú orin, lákàtúnkà, títí yóò fi wọ̀ wọ́n lára. Mussar ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé níbi tí wọ́n ti gbà á lálejò kan, omi bíńtín ló fi fọ ọwọ́ kó tó jẹun, bẹ́ẹ̀ àwọn olùfọkànsìn a máa da omi púpọ̀ sọ́wọ́. Wọ́n bi í léèrè ìdí. Ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń pọn omi náà láti ọ̀nà jíjìn, òun ò ní fi èjìká ẹlòmíràn ṣe mímọ́. Èmi tí mo pọn omi nílé wa, mo mọ ohun tó ń sọ.

Salanter tún gbé ìwé kan lárugẹ, èyí tí Menachem Mendel Lefin tẹ̀ jáde ní ọdún 1808. Ìwà 13 ló wà nínú rẹ̀, sùúrù, ìrẹ̀lẹ̀, òtítọ́, ìpanumọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ óò mú ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan, lálaalẹ́ ẹ óò kọ ọ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ bí ẹ ṣe ṣe sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì yí kàn yín lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Ọ̀dọ̀ Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà ni Lefin ti rí ọgbọ́n náà, kò sì ní torí pé Franklin kì í ṣe Júù kóun fi í sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ìpanumọ́ ló ń ṣe mí lóore jù níbi iṣẹ́.

Kí ẹ má sì rò pé ẹni tó bá panu mọ́ kò lè jiyàn. Ọdún 3 ni ilé Hillel àti ilé Shammai, ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé Júù méjì láyé àtijọ́, fi fa ọ̀rọ̀ kan, ohùn kan sì jáde láti ọ̀run pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run alààyè ni tàwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ilé Hillel ni kí wọ́n tẹ̀lé. Talmud béèrè ìdí, ó sì dáhùn: onínúure ni wọ́n, wọ́n sì máa ń sọ ọ̀rọ̀ ilé Shammai kí wọ́n tó sọ tiwọn. Kí ènìyàn kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ alátakò rẹ̀ dáadáa! Bí a bá lè ṣe ìyẹn nípàdé ẹbí kan ṣoṣo, ilẹ̀ bàbá wa ì bá má wà ní kóòtù.

Ní Frankfurt ní Jámánì, ọ̀mọ̀wé Júù kan tó ń jẹ́ Franz Rosenzweig ṣí ilé ẹ̀kọ́ àgbàlagbà kan ní ọdún 1920. Dókítà oníṣègùn wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀, onímọ̀ kẹ́mísírì sì ń kọ́ni ní Bíbélì, nítorí kò fẹ́ olùkọ́ tó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tán. Láti 1922 ni àìsàn ti ń gba ara rẹ̀ títí kò fi lè sọ̀rọ̀ tàbí kọ̀wé mọ́, síbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ bá a gbé iṣẹ́ náà lọ títí ó fi kú ní 1929. Ohùn tiyín ṣì ń dún ketekete, Bọ̀dá.

Ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Ìwé kékeré kan wà, Pirkei Avot, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àwọn rábì àtijọ́, orí mẹ́fà péré, tí wọ́n ń ka orí kọ̀ọ̀kan rẹ̀ lọ́sàn-án Sábáàtì láàrin Ìrékọjá àti Pẹ́ńtíkọ́sì. Mo ti ń kọ orí kìíní lọ́wọ́, n óò fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Lọ́jọ́ Sunday, bí ẹ bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ jẹun tán, n óò pè. Mo mọ̀ pé àbúrò kì í bá ẹ̀gbọ́n jiyàn, ìdí nìyí tí mo fi ń tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kí gbogbo èèyàn tó ń ka èyí lè jẹ́rìí sí i. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń dà wá láàmú, Tádé wà nítòsí yín, ọmọ bàbá rẹ̀ sì ni. Kó dọ̀bálẹ̀ kí yín, kó dìde, kó sì jiyàn.

Àtakò mi àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀. Joṣua ọmọ Perachya sọ níbẹ̀ pé: yan olùkọ́ fún ara rẹ, ra ọ̀rẹ́ fún ara rẹ, kí o sì máa fi ojú rere dá gbogbo ènìyàn lẹ́jọ́. Olùkọ́ àti ọ̀rẹ́, mo rí bí wọ́n ṣe bára tan. Kí ló wá so ẹjọ́ dídá mọ́ wọn? Ẹni tí a mọ̀ dájú pé olè ni ńkọ́, ojú rere wo la fẹ́ fi dá ẹjọ́ tirẹ̀?

Èmi ni,
Àbúrò yín ní Lọ́ńdọ̀nù