Lẹ́tà sí Ṣadé, kí ó tó ra ọkọ̀

Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
Alẹ́ Sátidé.

Ṣadé mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni? Ṣé àwọn ọmọ wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń fúyẹ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé físà ti jáde, mo sì pariwo débi pé ará ilé kejì ń gbá ògiri. Mo bá ọ yọ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n ibi tí o ti ní o ti ń bá ẹnì kan dúnàádúrà ọkọ̀, àti pé láìsẹ́ǹsì Nàìjíríà ni wàá máa fi wà á títí Ọlọ́run yóò fi ṣọ̀nà, ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ̀wé.

Òótọ́ ni pé láìsẹ́ǹsì wa ṣeé lò níbí, bí kò bá ṣáà tíì kú. Òfin ò tilẹ̀ béèrè ìwé ìwakọ̀ àgbáyé mọ́ ọn. Àmọ́ ọdún kan péré ni. Ọjọ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ní orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí o ra ọkọ̀. Àwọn kan á sọ fún ọ pé tí o bá lọ ṣe Kérésì nílé tí o sì padà, kíkà náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Àlejò tó wá kí ẹbí ni ìyẹn wà fún. Ìwọ tí ò ń bọ̀ wá gbé ibí, ó ti kọjá ọ̀rọ̀ rẹ. Ará South Africa àti Zimbabwe lè kó tiwọn sílẹ̀ kí wọ́n gba ti ibí. Orúkọ Nàìjíríà ò sí níbẹ̀, nítorí náà bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni èmi àti ìwọ náà ṣe máa bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ṣe mí nìyí. Oṣù kẹwàá tí mo dé ni mo tó ní kí n gba láìsẹ́ǹsì akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní provisional. Pọ́n-ùn 34 ni mo san lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì wá kíá láti Swansea, níbi tí iléeṣẹ́ láìsẹ́ǹsì wà, mo ní kò sí wàhálà. Mo ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà: ìbéèrè 50, o gbọ́dọ̀ gba 43. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi fídíò hàn ọ́, kí o máa tẹ bọ́tìnì tí o bá ti rí ewu tó ń bọ̀, èyí náà ní máàkì 75, o sì gbọ́dọ̀ gba 44. Mo yege. Ìgbà tí mo wá fẹ́ mú ọjọ́ ìdánwò ojú títì, ọjọ́ tó yá jù jẹ́ oṣù márùn-ún síwájú! Ọdún kan mi sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Èmi tí mo ti ń já gba àárín tírélà ní Ògèrè láti ọjọ́ tí a ti parí sáà ìsìnrú ìlú, wọ́n lẹ lẹ́tà L pupa mọ́ mi níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀. N kò lè dá jáde mọ́. Ẹni tó bá máa jókòó tì mí gbọ́dọ̀ ju ọmọ ọdún 21 lọ, kó sì ti ní láìsẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́ta. Bọ̀dá Kúnlé ló máa ń jókòó tì mí, wọ́n á di bẹ́líìtì mú bí ẹni tó ń gun ẹṣin. Ìdánwò àkọ́kọ́ tún já mi kulẹ̀. Mo wo dígí, ṣùgbọ́n n kò yí ọrùn wo èjìká ọ̀tún kí n tó gbéra. Obìnrin tó ń dán mi wò ò bínú, ó kàn fa ìlà kan sórí ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ tí o bá ti rílé ni kí o kọ̀wé gba provisional. Kò dí ọ lọ́wọ́ láti máa wakọ̀ láìsí L títí ọdún kan náà á fi pé. Tí o bá sì fi ọ̀tọ̀mátíìkì ṣe ìdánwò, ọ̀tọ̀mátíìkì nìkan ni wàá lè máa wà.

Inṣọ́ránsì ló tún kù, èyí gan-an ló ń mú àwọn ènìyàn wa. Nílé, tí mo bá ní "Ṣadé, gbé kọ́kọ́rọ́ wá, mo fẹ́ sáré dé Bódìjà," ọ̀rọ̀ parí. Níbí, tí inṣọ́ránsì ò bá bo ìwọ gan-an nínú ọkọ̀ yẹn, o ti rúfin, ẹni tó yá ọ náà sì ti rú tiẹ̀. Kámẹ́rà ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, ọlọ́pàá lè fa ọkọ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. Pọ́n-ùn 300 ni ìtanràn, póìǹtì 6, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sí láìsẹ́ǹsì ẹni, sì tẹ̀ lé e. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí o bá yege, póìǹtì 6 yẹn nìkan ti tó láti gba láìsẹ́ǹsì náà lọ́wọ́ rẹ. Fóònù lọ́wọ́ nígbà tí o ń wakọ̀ náà, póìǹtì 6 ni! Má sì purọ́ fún iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì pé láìsẹ́ǹsì ibí lo ní torí kí owó lè dínkù. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa wádìí ẹ̀.

Ọwọ́ òsì tí a ń gbà, má bẹ̀rù ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni. Bi Bàbá, ọwọ́ òsì làwọn náà fi kọ́ mọ́tò nílé, kí ìjọba tó yí i padà lóṣù Kẹrin 1972. Iná iwájú ọkọ̀ ni kí o ṣọ́ra fún. Lóṣù tí mo kọ́kọ́ dé, mo wọ àdúgbò tóóró kan, wọ́n páàkì sí ọ̀tún àti òsì. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ níwájú, ó fi iná ṣẹ́jú sí mi. O mọ ìtumọ̀ ẹ̀ lọ́dọ̀ wa: "Mò ń bọ̀, yàgò!" Mo bá dúró. Òun náà dúró, ó tún ṣẹ́ná. Mo bá sún sẹ́yìn díẹ̀. A wá ń wo ara wa bí àgbò méjì, títí tí bàbá arúgbó tó ń wa ọkọ̀ náà fi na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń kí ọba. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Bọ̀dá Kúnlé: "Bùnmi, ọ̀nà ló ń fún ẹ! Máa lọ!"

Ya fọ́tò láìsẹ́ǹsì rẹ, iwájú àti ẹ̀yìn, fi ránṣẹ́ kí n wo ọjọ́ tó máa kú. Tó bá ti súnmọ́, tún un ṣe nílé kó o tó gbéra, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ gba ayédèrú. Sọ fún ẹni tó ní ọkọ̀ kó mú sùúrù. Bá mi kí Màmá. Tí àyè bá wà nínú ẹrù rẹ, ẹ̀lúbọ́ Ṣakí ni mo fẹ́ o, kì í ṣe ti ọjà ibí.

Èmi ni,
Bùnmi