Ìlẹ̀kẹ̀ Tulsi tí O Ní Kí N Rà Ránṣẹ́

Mathura,
Ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh,
Orílẹ̀-èdè Íńdíà.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara mi le, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú níhìn-ín. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó wà lọ́rùn Mátájì, ìyá onílé mi, nínú àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ wù ọ́ gan-an. O ní kí n ra irú rẹ̀ kí o lè lò ó pẹ̀lú aṣọ òfì tí ẹ fẹ́ wọ̀ níbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ. N kò tíì rà á, kì í sì í ṣe owó ni kò sí. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ìlẹ̀kẹ̀ náà fún ọ ná.

Igi tulsi ni wọ́n fi ṣe é. Ìbátan ẹfinrin wa ni tulsi: bí o bá já ewé rẹ̀ tí o rún un lọ́wọ́, ìwọ fúnra rẹ yóò mọ̀ pé ẹbí kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwa ń fi ẹfinrin se ọbẹ̀, a sì ń fi wo inú rírun. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù tí ó ń sin Vishnu àti Krishna gbà pé òrìṣà obìnrin ni tulsi, àyànfẹ́ Vishnu. Orí pẹpẹ kékeré kan ní àárín àgbàlá ni ti ilé wa wà. Ní òwúrọ̀, kí Mátájì tó fi ohunkóhun kan ẹnu, yóò ti bu omi sí i nídìí, yóò sì ti yí i ká pẹ̀lú orin. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú Krishna láìfi ewé tulsi lé e, lójú wọn, kò tíì pé. Nínú oṣù Kartik, tí ó máa ń bọ́ sí Oṣù Kẹwàá àti Oṣù Kọkànlá tiwa, wọ́n á wọ aṣọ ìyàwó fún igi náà, wọ́n á sì fi í fún Vishnu gẹ́gẹ́ bí aya. Nítorí náà, ẹni tí ó bá bọ̀wọ̀ fún àṣà kì í gé tulsi tí ó wà láàyè láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tí ó bá ti gbẹ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń lò.

Abúlé kan wà nítòsí wa tí à ń pè ní Jait, tí iṣẹ́ yìí ti jẹ́ iṣẹ́ ìdílé fún ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀. Mo jókòó ti obìnrin kan níbẹ̀ mo sì wo bí ó ti ń ṣe é. Ó fi okùn so táyà kẹ̀kẹ́ kan mọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́, bí ó bá ti fi ọwọ́ ọ̀tún yí táyà, irin náà á máa yí kíákíá, á sì lu igi tulsi tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń ti igi síwájú díẹ̀díẹ̀. Hóró á já bọ́ sínú àwo, òmíràn á tẹ̀ lé e. Ìyẹ̀fun igi náà bò ó láti orúnkún dé ẹsẹ̀. Mo bèèrè iye tí àwọn oníṣòwò ń san fún un lórí okùn kan, mo sì fi í wé iye tí wọ́n ń tà á fún àlejò ní ọjà Loi ní Vrindavan. Inú mi kò dùn sí i, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun kan wà tí àwòrán kò lè fi hàn ọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ méjì ni Mátájì ní, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀. Èyí tí ó wà lọ́rùn ni wọ́n ń pè ní kanthi, ìlà mẹ́ta tí ó fún mọ́ ọ̀fun. Kì í bọ́ ọ, ì báà wẹ̀, ì báà sùn. Òógùn àti òróró ti sọ ọ́ di dúdú, ibi tí okùn ti kan ìpàkọ́ sì ti fi àpá sílẹ̀. Èkejì ni èyí tí ó fi ń ka orúkọ Krishna, hóró 108 pẹ̀lú olórí kan tí ó tóbi ju ìyókù lọ. Inú àpò aṣọ ni èyí máa ń wà, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ó sì ń wọ inú àpò náà. Àtàǹpàkò àti ìka àárín ni ó fi ń kà á. Ìka tí a fi ń nà sí ènìyàn gbọ́dọ̀ yọ síta, nítorí wọ́n ní ìka ìgbéraga ni. Bí ó bá kà á dé ibi olórí, kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀; ṣe ni yóò yí ìlẹ̀kẹ̀ padà, yóò sì gba ibi tí ó gbà wá lọ. Nínú ẹgbẹ́ Hare Krishna, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 1966, ẹni tí ó bá ti gba orúkọ lọ́wọ́ olùkọ́ ẹ̀sìn ń kà á yípo nígbà 16 lójúmọ́. Ìyẹn jẹ́ àdúrà 1,728, ó sì ń gbà tó wákàtí méjì.

Èyí tí ó wà lọ́rùn gan-an ni ó fà mí sẹ́yìn. Olùkọ́ ni ó fi í sí Mátájì lọ́rùn ní ọjọ́ tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti fi ẹnu kan ẹran, ẹja, ẹyin, ọtí, àlùbọ́sà tàbí áyù mọ́. Mo bi í léèrè bóyá ìlẹ̀kẹ̀ náà ní agbára ìdáàbòbò. Ó ní àwọn àgbà sọ pé àwọn ìránṣẹ́ Yama, ọba ikú, kì í fọwọ́ kan ẹni tí tulsi wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn rán mi létí ìdè Ifá, tí àwọn babaláwo sọ pé òun ni Ikú fi ń dá ọmọ Ọ̀rúnmìlà mọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún fi kún un pé òun kò wọ̀ ọ́ nítorí ikú. Ó wọ̀ ọ́ kí òun má baà gbàgbé ẹni tí ó ni òun.

Àwọn tí ó ń sin Shiva kì í sábà lo tulsi. Èso igi rudraksha ni tiwọn, tí ìtàn ní ó hù láti inú omijé Shiva. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń wá láti Nepal àti Indonesia. Aláwẹ́ márùn-ún ni ó wọ́pọ̀. Aláwẹ́ kan ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ sì ga débi pé ayédèrú rẹ̀ kún ọjà.

Má rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ lásán ni ìlẹ̀kẹ̀ tulsi jẹ́ fún àwọn tí ó ń wọ̀ ọ́ rí. Àwọn ọmọlẹ́yìn Vallabha, olùkọ́ ẹ̀sìn Krishna kan láyé àtijọ́, ń sọ ọ́ títí di òní pé ní ayé Jahangir, ọba Mùsùlùmí tí ó jọba Íńdíà láti 1605 sí 1627, àṣẹ jáde pé kí àwọn ènìyàn bọ́ tulsi kúrò lọ́rùn, àti pé Gokulnath, ọmọ-ọmọ Vallabha, fi ọjọ́ ogbó rìn dé Kashmir láti bá ọba sọ̀rọ̀ títí àṣẹ náà fi yí padà. Síbẹ̀, àwọn tí ó ń wọ tulsi fúnra wọn náà ti fi ìlẹ̀kẹ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀. Nínú ìwé òfin tí Swaminarayan, olórí ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù kan, kọ ní ìpínlẹ̀ Gujarat ní 1826, tulsi ìlà méjì ni ti àwọn tí ipò ìbí wọn ga. Ó ní kí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá lo igi sandal, igi olóòórùn dídùn kan, tàbí igi mìíràn. Ìyẹn kò dùn mọ́ mi rárá. Ti Haridasa, olùfọkànsìn Krishna kan láyé àtijọ́, ni ó wù mí láti gbọ́: inú ìdílé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí, wọ́n sì ní ó ń ka orúkọ Krishna ní ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, ìyẹn 300,000. Nígbà tí ó kú ní ìlú Puri, Chaitanya, olùkọ́ ẹ̀sìn tí òun ń tẹ̀ lé, fúnra rẹ̀ ni ó gbé òkú rẹ̀ tí ó sì sin ín sí etí òkun. Ṣùgbọ́n ní Puri kan náà, títí di òní, wọn kì í jẹ́ kí àwọn òyìnbó ẹlẹ́sìn Krishna wọ tẹ́ńpìlì Jagannath, orúkọ tí wọ́n ń pe Krishna níbẹ̀, bí ìlẹ̀kẹ̀ tilẹ̀ wà lọ́rùn wọn.

Mo sọ ìbéèrè rẹ fún Mátájì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ẹni tí yóò mú ọ, ó sì bèèrè bóyá wọn yóò se ẹran níbi ìgbéyàwó náà. Ìwọ náà mọ èsì tí mo fún un. Àwọn oníṣòwò ọjà Loi náà ń ta ìlẹ̀kẹ̀ igi sandal tí wọ́n ṣe fún ọ̀ṣọ́, ó gùn dé àyà, ó ń ta sánsán, yóò sì bá òfì mu ju èyí tí ó fún mọ́ ọ̀fun lọ. Bí o bá gbà bẹ́ẹ̀, kọ̀wé sí mi ní kíákíá, kí o sì sọ àwọ̀ òfì náà fún mi, kí n lè fi í rán ẹni tí ó ń bọ̀ wá sílé ní ìparí oṣù.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,

Àdùkẹ́