Kí O Tó Gbé Fóónù Síwájú Ìyá Àgbà

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. O ní o fẹ́ gba oríkì ilé wa sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà nígbà tí o bá wá ṣe Iléyá, o sì fẹ́ fi ₦50,000 tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Jẹ́ kí owó yẹn wà nílẹ̀ ná. Etí rẹ ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú.

Wo gbólóhùn tí kò sí ọmọ Ọ̀fà tí kò mọ̀ ọ́n: "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà." Bí o ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́ nìyí: "ijakadi loro Ofa". Ẹni tí kò mọ̀ wá lè kà á sí "loró", kí ohun tí í ṣe orò ìlú wa wá di oró sí wa lára. Tí o bá sì kọ ọ́ ní "lórò", o tún ti yà sọ́nà mìíràn, ìyẹn ni pé ìjàkadì ní orò. "Ni" tí a fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀, ohùn àárín ló ní. Bó bá ti kan "orò", "n" á di "l", "i" á bọ́ dànù, ó di "lorò". "Ní" olóhùn òkè, irú èyí tó wà nínú "ní orí", ni í gbé ohùn rẹ̀ lé fáwẹ́lì tó kàn án, tí a fi ń kọ "lórí". Tí o bá ti mọ ìyàtọ̀ méjì yìí, ìdajì oríkì ilé wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yé ọ láti kọ, nítorí pé "ni" àti "ní" kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Fún oṣù kan kí o tó wá, ya ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ́tọ̀ lójúmọ́. Mú ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà wọn bára mu: ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Pè wọ́n sínú fóónù, kí o tẹ́tí sí ara rẹ. Lẹ́yìn náà, fi súfèé pè wọ́n, dò-rè-mí lásán, láìsí ọ̀rọ̀. Bí súfèé méjì bá dún bákan náà, o ò tíì pè wọ́n ire. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni kí o máa lò: ayé, kì í ṣe aiye, ènìyàn, kì í ṣe enia, Òṣogbo, kì í ṣe Oshogbo. Àwọn tó kọ ti tẹ́lẹ̀ kò ṣìṣe o, ìlànà ìgbà tiwọn nìyẹn. Ṣáà má lú méjèèjì pọ̀ nínú ìwé kan.

Ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù kò gùn. Mú ọ̀kan tó ní Yorùbá, kí o má sì yí i padà títí iṣẹ́ á fi parí. Ẹ tó ní àmì róbótó kékeré lábẹ́ àti ẹ tó ní ìlà kékeré lábẹ́ jọra lójú tiwa, ṣùgbọ́n lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Tí o bá pa wọ́n pọ̀, lọ́jọ́ tí o bá ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí o kọ, apá kan kò ní jáde, o ò sì ní mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù.

Ó wá di ọjọ́ tí o máa jókòó ti ìyá àgbà. Kúnlẹ̀, kí o sọ ibi tí ohùn wọn ń lọ fún wọn: ta ló máa gbọ́ ọ, ṣé ó máa wọ ìwé, ṣé ó máa dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Jẹ́ kí ìdáhùn wọn wà lórí ìgbohùnsílẹ̀ náà. Oríkì kì í ṣe ìyìn nìkan. Ìjà àtijọ́ máa ń wà nínú rẹ̀, gbèsè máa ń wà nínú rẹ̀, àléébù ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà láàyè ń bẹ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ní kò gbọdọ̀ jáde, pa á mọ́ lọ́tọ̀.

Má fi WhatsApp gbà á. Ńṣe ni WhatsApp ń fún ohùn pọ̀ kí ó lè tètè lọ, ohun tó bá sì gé dànù kò ní padà wá mọ́. Wá áàpù ìgbohùnsílẹ̀ tó lè fi WAV pamọ́, irú fáìlì tí kì í gé ohùn dànù. Bí o bá yan 44.1 kHz, bit 16 àti mono nínú áàpù náà, wákàtí kan máa gbà tó 320 MB, nítorí náà fi 2 GB sílẹ̀ lófìfo. Pa nẹ́tíwọ̀kì fóónù rẹ, torí ìpè kan ṣoṣo lè dá iṣẹ́ dúró láàárín, kí o má mọ̀. Ká ìró ní mẹ́rin sórí àpótí, gbé fóónù lé e, kí ó jìnnà sí ẹnu wọn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí ó sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí má baà máa fẹ́ lù ú. Pa fáànù. Bí òjò bá ṣú, ẹ sún un síwájú; òjò orí páànù kò ní jẹ́ kí o gbọ́ nǹkan kan. Ti adìyẹ ìyá àgbà, a ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Gba ìṣẹ́jú kan dánwò ná, fi earpiece gbọ́ ọ, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Tí wọ́n bá ti ń kì í, má já lu ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tó ń ki oríkì ń fi ẹsẹ̀ kan fa òmíràn ni. Bí o bá béèrè ìtumọ̀ láàárín, okùn á já, ibòmíràn ni wọ́n á sì ti so ó. Jẹ́ kí wọ́n parí, kí o wá tan ìgbohùnsílẹ̀ náà kí wọ́n gbọ́ ọ padà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá yé ọ, ní kí wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe bí ẹni ń ki oríkì. Ibẹ̀ lo ti máa gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀ náà gan-an. Lọ bá àwọn ìyàwó ilé yòókù náà, torí lẹ́nu àwọn obìnrin ni oríkì ilé pọ̀ sí ju ẹnu àwa ọkùnrin lọ. Bí tiwọn bá yàtọ̀ sí ti ìyá àgbà, kọ ọ́ sọ́tọ̀, má pa á pọ̀ kí ó lè gùn. Bí wọ́n bá sì fi Ìbọ̀lọ́, ẹ̀ka èdè tiwa ní Ọ̀fà, pè é, Ìbọ̀lọ́ ni kí o kọ.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí o dà á sí ibi mẹ́ta: fóónù rẹ, flash, àti kọ̀ǹpútà mi nílé. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí London, ó sọnù síbẹ̀. Samuel kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ, tó fi tún un kọ, ó di 1921 kí ìwé náà tó jáde. Ẹ̀dà kan ì bá ti gba gbogbo ọdún yẹn là. Orúkọ fáìlì, bíi 2026-05-30_Ofa_oriki_01, nìkan ni mo gbà kí o má fi àmì sí.

Má kánjú kọ ọ́ jáde. Ìṣẹ́jú kan lè gba wákàtí kan lọ́wọ́ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí o ò bá gbọ́ dáadáa, kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá tó wà síbẹ̀, kí o fi àmì ìbéèrè sí i. Má méfò. Bí o bá méfò lónìí, àwọn ọmọ yẹn á há a sórí bẹ́ẹ̀.

Nígbà yẹn ni ₦50,000 á wúlò. Ìwé tí a fi pín-ìn-nì dè láàárín, mẹ́rin-mẹ́rin ni ojú ìwé rẹ̀ ń lọ: 12, 16, 20. Bí o bá kọ 14, méjì á ṣófo. Má fún àwọn atẹ̀wé ní fáìlì Word. PDF ni, kí fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí o fi kọ ọ́, wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ tẹ̀, wo ẹ̀, ọ́, ṣ àti ǹ dáadáa. Bí o bá rí àpótí kékeré òfìfo, tàbí àmì tó ti sún lọ sórí lẹ́tà kejì, dá a padà. Tẹ ẹ̀dà márùn-ún péré ná, kí o fún ọmọ méjì ní Ìwé Karùn-ún, kí wọ́n kà á sókè létí rẹ àti létí olùkọ́ wọn. Ibi tí wọ́n bá ti kọsẹ̀, padà síbẹ̀. Èyí tí o bá wá tẹ̀ kẹ́yìn, inú kíláàsì ni kí o kó o sí, kì í ṣe ọ́fíìsì ọ̀gá, níbi tí wọ́n á ti tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Orúkọ ìyá àgbà ni kí ó wà níwájú ìwé.

Òwúrọ̀ ni kí o lọ. Lẹ́yìn ẹ̀kọ gbígbóná ni ohùn wọn máa ń là. Tó bá fi máa di ìyálẹ̀ta, ó ti rẹ̀ wọ́n. Ra àkàrà dání.

Èmi ni,
Bàbá rẹ