Sí Bọ́sẹ̀, láti Àgbádárìgì

Bọ́sẹ̀ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀? Ẹsẹ̀ Màámi ti ń fúyẹ́. Fúnmi ti bímọ, obìnrin ni. Ọ̀nà Ṣẹ̀mẹ̀ ṣì wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan ń ká mi lára, ìwọ nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún. Ṣé o rántí The French Connection, fíìmù ọlọ́pàá tí Bàbá kì í jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí mọ́tò bá ti ń lé ọkọ̀ ojú irin? Ọdún 1971 ni William Friedkin gbé e jáde, ó sì gba Oscar. Ní 2023, àwọn tó ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí i pé wọ́n ti gé ibi tí ọlọ́pàá yẹn ti bú aláwọ̀ dúdú kúrò. Wọ́n gé e wọ́rọ́wọ́, wọn ò kéde fún ẹnikẹ́ni.

Àwa ni wọ́n bú, Bọ́sẹ̀, síbẹ̀ mo fẹ́ kí èébú náà wà níbẹ̀. Ọlọ́pàá yẹn gan-an ni fíìmù náà dá lé lórí; ẹnu ẹ̀ la fi mọ irú èèyàn tó jẹ́. Bí wọ́n bá wá fọ ẹnu yẹn mọ́, ta ni wọ́n ṣe lóore? Kì í ṣe èmi. Nílé Mobee níbí, níbi tí wọ́n kó ohun ìgbà òwò ẹrú sí, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi de àwọn ẹrú ṣì wà nílẹ̀. O sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n kó wa lọ wò ó, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò torí ẹkún ẹ kó irin náà pamọ́.

Ti fíìmù àtijọ́ Gone with the Wind tẹ́ mi lọ́rùn jù. HBO Max, ìkànnì tí wọ́n ti ń wo fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé e kúrò lóṣù kẹfà 2020, torí bó ṣe sọ oko ẹrú di ibi ìgbádùn, wọ́n sì dá a padà láìgé e, pẹ̀lú àlàyé ọ̀jọ̀gbọ́n Jacqueline Stewart níwájú ẹ̀. Ipa tí Hattie McDaniel kó nínú ẹ̀ ló sọ ọ́ di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, tábìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi í sí! Steven Spielberg náà fi wọ́kì-tọ́kì rọ́pò ìbọn nínú fíìmù ẹ̀ àtijọ́, E.T., lọ́dún 2002, nígbà tó yá, ó ní kò yẹ kóun ṣe bẹ́ẹ̀.

Bùọ̀dá Kúnlé fẹ́ fi yàrá Bàbá háyà. Wọ́n ti da àwọn kásẹ́ẹ̀tì fídíò sínú àpò ìrẹsì, ó wà lẹ́bàá kànga. Wọ́n ní kò sí ohun tí kò sí lórí fóònù mọ́. Àwọn eré tẹlifíṣọ̀n tí Bàbá fọwọ́ ara wọn gbà sílẹ̀ ńkọ́? Lóòótọ́, ọkọ ń na ìyàwó nínú ẹ̀, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fi ọ̀kan han Tẹ́mi, ó bi mí pé kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. A sọ ọ̀rọ̀ yẹn títí wọ́n fi mú iná lọ.

Jọ̀ọ́, bá mi pe Bùọ̀dá Kúnlé. Ọmọdé ni mo ṣì jẹ́ lójú wọn, wọn kì í gbọ́ tèmi. Kí wọ́n jẹ́ kí n gbé àpò yẹn lọ sílé kí òjò tó pa á. Ẹnì kan wà ní Ajárá tó lè kó gbogbo ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, èmi ni máa sanwó. Lẹ́yìn ìròyìn aago mẹ́sàn-án ni kó o pè, wọ́n máa ń gbé fóònù nígbà yẹn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ ẹ,
Ṣadé